Igi wo ló yẹ snare? Ìbéèrè onílù ṣọ́ọ̀ṣì kan

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Ṣọ́ọ̀ṣì wa fẹ́ ra snare tuntun, ìlù òyìnbó tó ní wáyà lábẹ́ yẹn. Ẹnì kan ní maple la gbọ́dọ̀ rà, ẹlòmíì ní birch ló ń dún jù. Ṣé igi yìí tilẹ̀ ń dún ni, àbí àwọn tó ń tà á ló kàn ń fi orúkọ igi gba owó lọ́wọ́ wa?

Ìdáhùn: Igi ń dún, wọ́n sì ń fi orúkọ rẹ̀ gba owó lọ́wọ́ yín. Méjèèjì ló ń ṣẹlẹ̀.

Awọ lo ń lù, awọ ló ń gbọ̀n. (Ike ni awọ òde òní, àmọ́ awọ náà la ṣì ń pè é.) Ara ìlù, ìyẹn pákó tó yí po, le débi pé gbígbọ̀n tirẹ̀ kò tó nǹkan. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó di awọ òkè àti ti ìsàlẹ̀ mú, kó sé afẹ́fẹ́ mọ́ àárín wọn, kó sì dá ohùn tó bá kàn án padà. Igi tó wúwo tó sì le máa ń dá púpọ̀ padà. Èyí tó fúyẹ́ máa ń gbé díẹ̀ mì, ohùn tó tinrín jù lókè ló sì kọ́kọ́ máa ń gbé mì. Ibẹ̀ ni gbogbo àríyànjiyàn maple àti birch ti bẹ̀rẹ̀.

Bí wọ́n bá ní kí n to àwọn ohun tó ń yí ohùn snare padà, awọ àti bí o ṣe fà á ló máa ṣíwájú. Wáyà abẹ́ rẹ̀ ló tẹ̀ lé e: okùn wáyà 20 ló sábà máa ń wà níbẹ̀, ohun tí ṣaworo ń ṣe fún ìyáàlù náà ló ń ṣe fún snare. Lẹ́yìn náà ni etí pákó tí awọ jókòó lé, jíjìn ìlù, àti bí pákó ṣe nípọn tó. Irú igi ló gbẹ̀yìn. Àwọn kan á máa jiyàn lórí maple, nígbà tí awọ orí snare wọn ti jin kòtò láàárín.

Ìbéèrè: Ẹ ṣáà bá mi tú àwọn igi náà wò. Kí ni ìyàtọ̀ wọn?

Ìdáhùn: Jẹ́ ká fi ìwúwo bẹ̀rẹ̀, torí òun ló ṣeé gbé sórí òṣùwọ̀n. Igi maple gbígbẹ tó kún àpótí tó jẹ́ mítà kan ní òró, ní ìbú àti ní gíga máa ń wọ̀n tó kílógíráàmù 705. Ti birch tó 690. Ṣé o rí bí wọ́n ṣe sún mọ́ra? Ẹni tó bá jókòó sẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, tí fáànù ń fẹ́, tí kọ́áyà ń kọrin, tó wá ní òun mọ èwo ni maple èwo ni birch, etí rẹ̀ mú ju tèmi lọ.

Síbẹ̀, bí o bá jókòó tì wọ́n nínú yàrá tó dákẹ́, wàá gbọ́ nǹkan. Ohùn maple máa ń bára dọ́gba: ìsàlẹ̀, àárín àti òkè kì í yọ síra wọn. Ti birch máa ń fà sẹ́yìn díẹ̀ láàárín, kí òkè àti ìsàlẹ̀ lè yọ jáde, ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń gba orin sílẹ̀ ní sítúdíò fi fẹ́ràn rẹ̀. Ìlù Recording Custom tí ilé iṣẹ́ Yamaha ti Japan gbé jáde ní àwọn ọdún 1970, birch ni wọ́n fi ṣe é látòkè délẹ̀. Ní Jámánì, beech ni ilé iṣẹ́ Sonor fi di olókìkí, ohùn rẹ̀ sì wà láàárín àwọn méjì yẹn.

Óákù funfun wúwo jù wọ́n lọ, ó tó 755. Ohùn rẹ̀ gbẹ, ó sì ń pariwo. Walnut fúyẹ́ díẹ̀, nǹkan bíi 610, ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀, kì í sì í pẹ́ nílẹ̀.

Mahogany ti ilẹ̀ Áfíríkà ni ọ̀gànwó tiwa. Ohùn rẹ̀ nípọn, ó rọ̀ létí, kì í gún èèyàn. Mahogany wà lára igi tí àwọn ará Amẹ́ríkà fi ń ṣe ìlù láyé àtijọ́. Púpọ̀ nínú ìlù ilé iṣẹ́ Ludwig ti àwọn ọdún 1960, pákó mahogany, poplar àti maple ni wọ́n lẹ̀ mọ́ra. Àmọ́ ṣọ́ra o. Ọ̀pọ̀ ìlù olówó pọ́ọ́kú tí wọ́n kọ mahogany sí lára, igi lauan láti gúúsù ìlà oòrùn Éṣíà ló wà nínú rẹ̀, kò sì bá ọ̀gànwó tan rárá.

Bubinga ni baba gbogbo wọn ní ìwúwo, nǹkan bíi 890. Inú igbó Gabon àti Cameroon ló ti ń wá. Snare bubinga máa ń kígbe ni. Wọ́n gé e ní àgéjù débi pé láti oṣù kìíní ọdún 2017 ni CITES, àdéhùn àgbáyé lórí títa igi àti ẹranko igbó, ti ní kí ẹni tó bá fẹ́ gbé e kọjá ẹnubodè gba ìwé àṣẹ. Ní 2019 ni wọ́n yọ ohun èlò orin tí wọ́n ti ṣe tán kúrò nínú òfin náà.

Poplar àti basswood ló wà nísàlẹ̀, nǹkan bíi 455 àti 415, kò fi bẹ́ẹ̀ ju arère tiwa lọ. Poplar àti basswood yìí ni wọ́n fi ń ṣe ọ̀pọ̀ ìlù àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́. Kì í ṣe ohun ìtìjú.

Ìbéèrè: Snare méjì la ní tẹ́lẹ̀, maple ni wọ́n kọ sí méjèèjì, ohùn wọn kò sì jọra rárá. Báwo nìyẹn ṣe jẹ́?

Ìdáhùn: Torí pé orúkọ igi kò sọ bí wọ́n ṣe ṣiṣẹ́ sí i. Wo ẹnu rẹ̀ nígbà tí o bá tú awọ kúrò. Snare tó wọ́pọ̀ fẹ̀ ní íǹṣì 14, ṣùgbọ́n jíjìn rẹ̀ lè jẹ́ 5 tàbí 6 àbọ̀. Íǹṣì kan àbọ̀ yẹn nìkan máa ń yí ohùn padà ju kí o kúrò lórí maple bọ́ sórí birch. Èyí tó jìn máa ń ki, èyí tí kò jìn máa ń tètè dáhùn.

Lẹ́yìn náà, nípọn. Ara tó tinrín, bíi mílímítà 5, ohùn tirẹ̀ fúnra rẹ̀ rẹlẹ̀, ó sì máa ń bá awọ gbọ̀n díẹ̀. Ara tó nípọn tó mílímítà 8 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kì í mì. Ohùn rẹ̀ ga, ó sì ń jáde lọ jìnnà. Àwọn ìlù àtijọ́ wọ̀nyẹn tinrín ni, wọ́n wá fi òrùka igi lé etí wọn nínú kí wọ́n má bàa ká.

Etí yìí gan-an ni àṣírí tí àwọn èèyàn kì í wò. Bí wọ́n bá gé e ṣóńṣó ní ìgun dígírì 45, ibi tí awọ ti kan igi kò tó nǹkan, ohùn á mú, á sì pẹ́. Bí wọ́n bá gé e róbótó, igi á di awọ mú sí i, ohùn á gbẹ, á sì tètè kú. Fi etí róbótó sí maple, kí o fi ṣóńṣó sí mahogany, o lè pe ọ̀kan ní èkejì.

Ìbéèrè: Irin ńkọ́?

Ìdáhùn: Snare Supraphonic ti Ludwig, tó wà nínú àìlóǹkà orin láti àwọn ọdún 1960, alumíníọ̀mù ni. Bí ohùn tó wù ọ́ nìyẹn, má wulẹ̀ wá igi kiri.

Ìbéèrè: Àwọn baba wa ń gbẹ́ ìlù kí òyìnbó tó dé. Ṣé a kò lè fi igi tiwa ṣe snare?

Ìdáhùn: A lè ṣe é. Igi apá àti igi ọmọ ni àwọn agbẹ́gilére fi ń gbẹ́ dùndún, àwọn àgbà onílù sì máa ń sọ pé èyí tó bá hù lẹ́bàá ọ̀nà ló dára jù, torí ó ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀ èèyàn. Ohun tó wù mí níbẹ̀ ni pé igi méjèèjì kò jọra: apá wúwo, nǹkan bíi 805, ọmọ sì fúyẹ́ gan-an, èyí tó dára fún ẹni tó máa gbé ìlù kọ́ èjìká láti àárọ̀ dalẹ́.

Gbígbẹ́ láti inú ìtì igi kan ni dùndún. Snare ilé iṣẹ́, pákó pẹlẹbẹ ni wọ́n ń lẹ̀ lé ara wọn, kí okùn igi ti ọ̀kan dábùú ti èkejì, kó má bàa wú lásìkò òjò tàbí kó súnkì lásìkò ọyẹ́. Ọ̀nà tó rọ káfíńtà lọ́rùn ju ìyẹn lọ wà: kó la pákó sí ọ̀pá ọ̀pá, kó to wọ́n yí po bí àgbá, kó lẹ̀ wọ́n, kó wá yí i lórí ẹ̀rọ títí á fi róbótó. Apá ni mo máa mú fún un. Ó gbajúmọ̀ láàárín àwọn onípákó pé bó bá ti gbẹ, kì í yíwọ́ mọ́. Gbígbẹ yẹn ni iṣẹ́: igi tútù máa là nígbà ọyẹ́ àkọ́kọ́.

Ìbéèrè: Owó wa kò pọ̀. Kí la máa rà?

Ìdáhùn: Ẹ lọ wo tòkunbọ̀ ní Alaba, ẹ má bèèrè igi lọ́wọ́ wọn rárá lákọ̀ọ́kọ́. Ní kí wọ́n tú awọ rẹ̀. Gbé ẹnu ìlù náà dojú bolẹ̀ sórí gíláàsì tó tẹ́jú, tan tọ́ọ̀ṣì sínú rẹ̀, kí o wo bóyá ìmọ́lẹ̀ ń yọ lábẹ́ etí. Bó bá ń yọ, etí ti wọ́, kò níí gba ohùn mọ́. Wọn fífẹ̀ rẹ̀ níbi mẹ́ta, kó má ṣe jẹ́ pé ó ti di ẹyin. Wo bóyá pákó rẹ̀ ti ń ṣí kúrò lára ara wọn. Poplar tó bá yege nínú èyí sàn ju maple tó ti ká lọ.

Bó bá ku méjì tó dára, nígbà náà ni kí o wá mú igi. Nínú gbọ̀ngàn oníbíríkì tó ní òrùlé páànù, tí ohùn ń ta kiri, mahogany tàbí walnut ni mo máa gbé. Fún ìsọjí ìta gbangba láìsí máíkì, óákù tàbí maple tó nípọn.

Kí ẹ sì fi owó sílẹ̀ fún awọ méjì, kì í ṣe ọ̀kan. Ti òkè nípọn, ti ìsàlẹ̀ tinrín jù ú lọ fíìfíì, torí òun ló ń mi wáyà. Púpọ̀ nínú snare tí wọ́n ní kò dára ní ṣọ́ọ̀ṣì, awọ òkè ni ẹnì kan fi sí ìsàlẹ̀ rẹ̀.