Erè funfun, erè àfín: ibo ni àwọ̀ yẹn ti ń wá?

Erè tí ọ̀rọ̀ yìí dá lé kì í ṣe òjòlá tó ń gbé ewúrẹ́ mì o. Erè kékeré ni, tí ẹ̀rù bá ti bà á á ká ara ẹ̀ jọ bíi bọ́ọ̀lù, á fi orí pamọ́ sáàárín, ìdí nìyẹn tí òyìnbó fi ń pè é ní ball python. Mesa ni Hausa ń pe erè. Yorùbá tó ń gbé Kubwa tàbí Gwarinpa, igi ló máa kọ́kọ́ wá tó bá rí i, àmọ́ ní Amẹ́ríkà wọ́n ń sìn ín nínú ilé, àwọ̀ ara ẹ̀ ló sì ń sọ iye tí wọ́n máa tà á.

Ẹ fojú aláró wò ó. Nínú àdìrẹ, àró wà lọ́tọ̀, bí wọ́n ṣe di aṣọ wà lọ́tọ̀. Awọ erè náà nìyẹn, àwọn jíìnì kan (ohun tí ọmọ ń jogún lára òbí) ń tọ́jú àró, àwọn mìíràn ń tọ́jú dídì. Lára àfín erè, gbogbo iṣẹ́ ọnà ṣì wà níbẹ̀ pérépéré, àró dúdú nìkan ló sọnù, ló wá ku yẹ́lò àti funfun, ojú á pọ́n. Èyí tí wọ́n ń pè ní spider ní tiẹ̀, dídì ló yí padà, dúdú á tẹ́ẹ́rẹ́ bí òwú aláǹtakùn (jíìnì yẹn náà ló ń jẹ́ kí orí ẹ̀ máa gbọ̀n, ìyà ni sha). Èyí tí wọ́n ń pè ní pied dà bí aṣọ tí àró ò kan apá kan ẹ̀ rárá, ibì kan funfun báláú, ibòmíì àwọ̀ pé.

Ẹni tó bá ti gbé èsì jínótáìpù lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì kí wọ́n tó ṣègbéyàwó ti mọ ìyókù. Àfín, pied àti clown (irú àwọ̀ mìíràn) dà bíi SS, ọmọ gbọ́dọ̀ gbà á lọ́dọ̀ bàbá àti ìyá kó tó hàn. Èyí tó gba ẹyọ kan dà bíi AS, het ni wọ́n ń pè é, kò sì sí ojú tó lè fi wíwò lásán mọ̀ ọ́n dájú. Tí akọ het bá gun abo het, ẹyin kọ̀ọ̀kan ní àǹfààní 1 nínú 4 láti di àfín, àwọn ọmọ tó kù á jọ erè inú igbó, 2 nínú 3 wọn sì jẹ́ het. Ibẹ̀ ni "66% het" tí àwọn ọlọ́jà ń kọ ti wá. Kì í ṣe pé ejò yẹn jẹ́ het ààbọ̀ o, yálà ó jẹ́ ẹ tàbí kò jẹ́ ẹ, ẹni tó ń rà á ló ń ta tẹ́tẹ́.

Àwọn irú àwọ̀ tí wọ́n ń pè ní pastel àti mojave ò fara pamọ́ ní tiwọn. Ẹyọ jíìnì kan á ti yí àwọ̀ padà, méjì á wá yí i kọjá bẹ́ẹ̀: mojave méjì lè bí erè funfun tí ojú ẹ̀ jẹ́ búlúù, ọ̀pọ̀ èèyàn sì máa ń pe ìyẹn ní àfín. Rárá o, ojú ni kẹ́ ẹ wò.

Láti mọ het dájú, àwọn láàbù kan wà tó ń yẹ awọ tí ejò bọ́ sílẹ̀ wò. Láìsí ìyẹn, wọ́n á fi àfín gùn ún. Àfín kan ṣoṣo bá ti jáde látinú ẹyin, ó parí, het ni. Tó bá yé ẹyin 6 tí kò sí àfín kankan ńkọ́? Het ṣì lè ṣe bẹ́ẹ̀, àmọ́ 1 nínú 64 péré ni.