Sítóòfù Onípọ́ǹpù Àtijọ́: Ibi Tí Ooru Rẹ̀ Ń Gbà Lọ

Sítóòfù onípọ́ǹpù yàtọ̀ sí sítóòfù olówùú tó wà lọ́jà. Kò ní òwú rárá. Frans Wilhelm Lindqvist ló ṣe é ní Sweden ní 1892, Primus sì ni wọ́n pè é. Inú tánkì idẹ ni kẹrosíìnì wà. Kí a tó tàn án, a ó da sípíríìtì díẹ̀ sínú abọ́ kékeré tó yí ọrùn rẹ̀ ká, a ó ṣáná sí i. Bí ọrùn náà bá ti gbóná dáadáa, a ó fi pọ́ǹpù ki afẹ́fẹ́ sínú tánkì, afẹ́fẹ́ á ti epo gòkè, epo á di oru lọ́nà, á sì gba ihò tíńtín kan tú jáde, á máa jó búlúù pẹ̀lú ariwo. Bí a bá kánjú pọ́ǹpù nígbà tí ọrùn ṣì tutù, epo tútù ló máa tú jáde, iná pupa á sì fò sókè pẹ̀lú èéfín dúdú.

Láti Kàbbà títí dé Ìsánlú, ìwúlò irú sítóòfù bẹ́ẹ̀ máa ń hàn nígbà ẹ̀rùn, fún ẹni tó máa sùn ní ahéré. Bí ọyẹ́ bá ti dé, tí ewé kajú gbígbẹ ti bo ilẹ̀, ẹ̀ta iná kan láti inú ààrò olókùúta mẹ́ta tó láti jó oko tí wọ́n fi ọ̀pọ̀ ọdún gbìn. Sítóòfù idẹ kì í ta ẹ̀ta, àmọ́ ó wúwo. Ìdí nìyí tí gbogbo nǹkan yòókù tó bá a lọ fi gbọ́dọ̀ fúyẹ́, kò sì sí èyí tí a kò lè fọwọ́ ara wa ṣe.

Kí lítà omi kan tó hó láti nǹkan bí 25 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ooru tó wà nínú mìlílítà kẹrosíìnì 9 péré ló nílò. Ìyẹn kò tó ṣíbí ìmutíì méjì. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá se é níta gbangba á rí i pé ohun tó jó pọ̀ ju ìyẹn lọ dáadáa. Atẹ́gùn gbé díẹ̀ lọ, ẹ̀gbẹ́ ìkòkò tú díẹ̀ dànù, ìkòkò tí kò lọ́mọrí sì fi oru rẹ̀ ránṣẹ́ sí ojú ọ̀run.

Asà tó máa dí atẹ́gùn ló yẹ ká kọ́kọ́ ṣe. Abọ́ alúmíníọ́mù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí àwọn alásè fi ń gbé oúnjẹ níbi ìnáwó dára fún un púpọ̀. Ẹ fọ èyí tó tóbi, ẹ fi sísọ́ọ̀sì gé etí rẹ̀ kúrò, ẹ fi ẹ̀yìn ṣíbí tẹ́ ẹ lórí tábìlì títí ojú rẹ̀ á fi jọ̀lọ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ ká etí rẹ̀ wọnú ní ìwọ̀n ìka kan, kó má bàa ya ọwọ́, kó sì lè dá dúró. Ẹ má lo àfọ́kù páànù ilé onísíǹkì. Bí iná bá pọ̀ lára síǹkì náà, èéfín rẹ̀ lè dá ibà síni lára.

Ibi tí a ó gbé asà yìí sí ló gba àkíyèsí jù lọ nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí. Kò gbọ́dọ̀ yí tánkì ká. Bí ó bá yí i ká, ooru á padà sára tánkì, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ á máa wú, iná á máa le sí i, iná tó le náà á tún mú tánkì gbóná sí i. Ti àwọn sítóòfù tó ń lo epo bẹtiróòlù tún burú jù. Irú Svea 123, tó jáde ní 1955, kò ní pọ́ǹpù nínú ara rẹ̀. Ooru tánkì fúnra rẹ̀ ló ń ti epo jáde. Bí ooru náà bá kọjá ààlà, ìdérí rẹ̀ á tú epo dànù kó má bàa bẹ́, epo tó tú dànù yẹn sì lè gbiná. Nítorí náà, láti orí iná lọ sókè ni kí asà ti bẹ̀rẹ̀, kí a fi wáyà gbé e kọ́ mọ́ ẹsẹ̀ mẹ́ta tó ń gbé ìkòkò. Ẹ máa fọwọ́ kan tánkì lóòrèkóòrè. Bí ọwọ́ kò bá gbà á mọ́, ẹ pa iná.

Ààyè ìka kan ni kó wà láàárín asà àti ìkòkò. Ooru tó bá fẹ́ sá lọ á gba ààyè yẹn gòkè, á máa fẹnu ra ẹ̀gbẹ́ ìkòkò bó ṣe ń lọ. Ọgbọ́n yìí náà ló wà nínú ìkòkò tí Fridtjof Nansen àti Hjalmar Johansen, àwọn arìnrìn-àjò ará Norway méjì, gbé rìn lórí yìnyín ìhà àríwá ayé ní 1895, pẹ̀lú Primus kan: ìkòkò wà nínú ìkòkò, ooru sì ń gba àárín wọn kọjá.

Ní ti ìkòkò, agolo mílíìkì ńlá tó lọ́mọrí ti tó. Ẹ lu ihò méjì sí etí rẹ̀, ẹ fi wáyà ṣe ọwọ́ fún un, ẹ bu omi sínú rẹ̀, kí ẹ sì kọ́kọ́ jó ọ̀dà ara rẹ̀ kúrò níta. Omi ló gbọ́dọ̀ ṣáájú iná nínú rẹ̀, torí pé tánganran (tin) tí wọ́n fi bo inú agolo máa ń yọ́ ní 232 lórí Celsius. Agolo bíà fúyẹ́ jù ú lọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọ́n fi ohun bí ike kun inú rẹ̀, n kò sì rí ìdí tí a ó fi máa se oúnjẹ nínú rẹ̀.

Èyí tó kù ni aṣọ ìkòkò. Àwọn ìyá wa tó ń fi ewé bo ojú ìkòkò kí wọ́n tó fi ọmọrí dé e mọ̀ pé oru tí kò rọ́nà jáde ń se oúnjẹ. Ẹ gé fóòmù bẹ́ẹ̀dì ògbólógbòó, ẹ fi aṣọ àlòkù tẹ́ inú rẹ̀, ẹ rán an bíi fìlà tó máa bo agolo dé ìdí. Bí ìrẹsì bá ti hó fún nǹkan bí ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹ pa sítóòfù, ẹ tú afẹ́fẹ́ inú tánkì sílẹ̀, ẹ gbé agolo sórí pátákó, ẹ fi fìlà fóòmù náà dé e. Ẹ má ṣí i wò. Láàárín bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ìrẹsì á ti fa omi rẹ̀ tán, ọwọ́ tó bá ṣí i á ṣì bá oru gbígbóná lábẹ́ ọmọrí.