Kí Gìtá Yín Tó Lè Lé Ẹ̀mí Burúkú

Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún yìí, oníbàárà mẹ́rin ni ó ti gbé fíìmù wá sí situdíò mi ní Ìkòròdú, ohun kan náà ni gbogbo wọn sì ń fẹ́: ẹ̀mí burúkú gba ilé kan, ọ̀dọ́mọkùnrin kan fa gìtá yọ ní ìṣẹ́jú márùn-ún ìgbẹ̀yìn, ó ta á, ẹ̀mí náà sì jóná. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ sáà jẹ́ kí ó ròkè dáadáa," ni wọ́n máa ń wí fún mi. Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo ti ń fi orin sí fíìmù, mo sì fẹ́ràn orin gìtá líle tí à ń pè ní rọ́ọ̀kì, ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ yìí fi ń dùn mí.

Stranger Things, eré tẹlifíṣọ̀n Amẹ́ríkà kan tí ó kún fún abàmì, ni wọ́n máa ń tọ́ka sí. Ní ìpín kẹrin eré náà, tí ó jáde ní 2022, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ń jẹ́ Eddie gun orí òrùlé ní ayé òdìkejì tí àwọn abàmì ń gbé, ó sì ta orin ẹgbẹ́ rọ́ọ̀kì Metallica kan tí ó jáde ní 1986. Àwọn oníbàárà mi rántí gìtá náà, ṣùgbọ́n wọ́n gbàgbé pé kò pa ẹ̀mí kankan: ariwo rẹ̀ ni Eddie fi fa àwọn àdán abàmì kúrò ní ilé tí ọ̀tá wọn wà, kí àwọn yòókù lè ráyè wọ ibẹ̀, àwọn àdán náà ni ó sì pa á. Nínú eré kan náà, orin tí obìnrin olórin Kate Bush gbé jáde ní 1985 ni ó yọ ọmọbìnrin kan tí ń jẹ́ Max lọ́wọ́ Vecna, ọ̀tá náà, kì í sì í ṣe nítorí pé ó le. Orin tí ọmọ náà fẹ́ràn jù lọ ni, a sì ti bá a létí rẹ̀ kí ewu tó dé.

Orin tí yóò ṣẹ́gun ibi gbọ́dọ̀ ti di ojúlùmọ̀ òǹwòran kí ìjà tó bẹ̀rẹ̀. Àwọn ìyá wa tí ń pa àlọ́ mọ èyí ju gbogbo àwa onísitúdíò lọ. Nínú àlọ́ àpagbè, orin kì í wáyé lẹ́ẹ̀kan. Apàlọ́ á dá a, àwọn ọmọ á gbè é, á tún padà wá nígbà tí ọ̀rọ̀ bá le sí i, nígbà tí yóò sì fi di ẹ̀ẹ̀kẹta, tí iwin bá yọjú, àwọn ọmọ ti ń kọ ọ́ ṣáájú apàlọ́ fúnra rẹ̀. Àwọn ọmọ yẹn gan-an ni ó ṣẹ́gun iwin náà.

Ọ̀rọ̀ yìí kan gìtá ju ìlù lọ, nítorí pé ìlù wa ń sọ̀rọ̀. Bí ìyáàlù bá ki ènìyàn, ẹni tí ó gbọ́ ìlù ti mọ ohun tí ó wí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìgbà àkọ́kọ́ tí yóò dún nínú fíìmù nìyẹn. Gìtá kò ní irú ahọ́n bẹ́ẹ̀. Ìró rọ́ọ̀kì tí ń ha yẹn, amplifier, ẹ̀rọ tí ń gbé ohùn gìtá sókè, ni a tì kọjá ohun tí ó lè gbé títí orí ìgbì ohùn náà fi gé. Ó ń ru ọkàn sókè gẹ́gẹ́ bí ṣaworo etí ìyáàlù, ṣùgbọ́n kò sọ nǹkan kan pàtó. Ìtàn ni yóò kọ́ òǹwòran ní ohun tí ó ń wí. Bí ọmọ náà bá jogún gìtá lọ́wọ́ bàbá tí ẹ̀mí yẹn pa, tí a sì ti ń rí i láti ìṣẹ́jú kẹwàá tí ó ń ta orin bàbá rẹ̀ láìlè parí rẹ̀, okùn kan ṣoṣo ni n óò fi pa ẹ̀mí náà fún yín.

Ẹ wo Dáfídì nínú Ìwé Sámúẹ́lì Kìíní. Ní orí 16, ó ta dùùrù, ẹ̀mí burúkú sì fi Sọ́ọ̀lù sílẹ̀. Ní orí 18, Dáfídì kan náà ń ta dùùrù, Sọ́ọ̀lù sì ju ọ̀kọ̀ sí i, nítorí pé ìlara ti wọ inú ẹni tí ń gbọ́ ọ. Kí ni ẹ̀mí tiyín ń gbọ́ nínú gìtá yìí tí kò lè fara dà? Púpọ̀ nínú àwọn tí mo bi ní ìbéèrè yìí kò rí nǹkan sọ.

Èrò pé inú ariwo ni agbára wà ni ó ń bí mi nínú jù. Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, olùdarí eré kan tẹ̀lé ìmọ̀ràn ọmọkùnrin kan tí ó ra kọ̀ǹpútà lánàá tí ó sì di akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ lónìí. Wọ́n gbé amplifier gidi wọ yàrá kékeré kan lójú ọ̀nà Ìjẹ̀dé, wọ́n sì ṣí i dé òpin, kí ẹni tí ń ṣe ẹ̀mí burúkú baà lè jìyà ní tòótọ́. Ìran tí à ń fi gìtá sí ní situdíò lẹ́yìn tí a bá ti yà á tán ni wọ́n fi wákàtí méjì yà, tí ọmọ ogún ọdún tí ń ṣe ẹ̀mí burúkú náà jókòó ti spíkà. Bí ariwo bá tó decibel 85 (decibel ni a fi ń wọn bí ohùn ṣe ròkè tó), wákàtí mẹ́jọ ni àwọn onímọ̀ gbà pé etí lè fi wà nínú rẹ̀ lójúmọ́. Bí ó bá fi decibel mẹ́ta lé sí i, àkókò náà á dín sí ìdajì. Bí ó bá dé 100, ìṣẹ́jú 15 péré ni ó kù. Àwọn irun tíntìntín tí ń gba ohùn nínú etí kì í sì í hù mọ́ bí wọ́n bá ti kú.

Etí ọmọ náà hó mọ́jú, ó hó di ọjọ́ kẹta. Dípò kí wọ́n gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà etí, wòlíì kan sọ pé ẹ̀mí tí ó ṣe nínú eré ti bá a délé, ó sì da òróró gbígbóná sí i létí. Ẹ̀mí wo? Ariwo ni! Títí di òní, bí ènìyàn bá pe ọmọ yẹn láti ọwọ́ ọ̀tún, ó gbọ́dọ̀ yíjú kí ó tó mọ ohun tí a wí.

Èmi ni wọ́n gbé fíìmù náà wá bá nígbẹ̀yìn. Orí fóònù ni ọ̀pọ̀ òǹwòran wọn yóò ti wò ó, spíkà fóònù kò sì lè gbé ohùn ìsàlẹ̀ tí ó mi ògiri yàrá yẹn jáde rárá. Mo yọ gbogbo gìtá náà kúrò, mo fi orin gìtá tuntun sí ìbẹ̀rẹ̀ àti àárín fíìmù, nígbà tí mo sì dé ibi ìjà, mo fi ìdákẹ́jẹ́ ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́rin ṣáájú okùn àkọ́kọ́, nítorí pé etí tí ariwo ti kún kò ní àyè fún orin. Aago méjì òru ni mo gba ìdákẹ́jẹ́ náà sílẹ̀, nígbà tí jẹnẹrétọ̀ àdúgbò kú tán.