Ìràwọ̀ yìí ní ẹnìkejì tójú ò rí: kí ni gan-an?

Akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Epe gbọ́ lórí rédíò pé ìràwọ̀ kan ń yí po ohun tí ẹnikẹ́ni ò rí, ló bá kó ìbéèrè wá bá mi.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ohun téèyàn ò rí, báwo ni wọ́n ṣe mọ̀ pé ó wà?

Ìdáhùn: Ìràwọ̀ tó dá wà máa ń lọ tààrà ni. Èyí tó bá ní ẹnìkejì á máa yà sọ́tùn-ún, á tún yà sósì. Ohun tí Bessel, onímọ̀ ìràwọ̀ ará Jámánì, rí lára ìràwọ̀ ọkọ̀ (Sirius) nìyẹn, ló bá kéde lọ́dún 1844 pé nǹkan kan ń fà á. Ọdún 1862 ni Alvan Graham Clark tó fojú rí i ní Amẹ́ríkà, níbi tó ti ń dán awò tuntun wò. Òkú ìràwọ̀ ni, ìyẹn ìràwọ̀ tí iná inú rẹ̀ ti kú: ó wúwo tó oòrùn, síbẹ̀ kò tóbi ju ayé wa yìí lọ. Lóṣù Kejì, tẹ́ ẹ bá ti kírun Ìṣáì tán, gbójú sókè. Ìràwọ̀ tó mọ́lẹ̀ jù lọ yẹn ni Sirius. O ò lè fojú lásán rí ẹnìkejì rẹ̀ ṣá o.

Ìbéèrè: Báwo ni wọ́n ṣe ń mọ irú nǹkan tó jẹ́?

Ìdáhùn: Ìwọ̀n ni. Apẹja ọ̀sà wa kì í rí ẹja tó gbé ìwọ̀. Bí okùn ṣe ń fà á lọ́wọ́ ló fi ń mọ bó ṣe tó. Tí ìràwọ̀ bá ń bọ̀ wá sọ́dọ̀ wa, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ á fà sí búlúù díẹ̀. Tó bá ń lọ, á fà sí pupa. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣírò ìwọ̀n ohun tó ń fà á. Òkú ìràwọ̀ bíi ẹnìkejì Sirius kì í wúwo ju oòrùn 1.4 lọ. Tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó lè jẹ́ ìràwọ̀ neutron, ìyẹn òkú ìràwọ̀ míì tó kéré gan-an, tó sì ki ju ẹnìkejì Sirius lọ. Tó bá wá kọjá oòrùn 3 dáadáa, tí kò sì tan ìmọ́lẹ̀ kankan, a jẹ́ pé ihò dúdú ni, ìyẹn ohun tó ń fa nǹkan débi pé ìmọ́lẹ̀ pàápàá ò lè jáde nínú rẹ̀. Ihò dúdú kan tó ń jẹ́ Gaia BH1, tí wọ́n kéde lọ́dún 2022, wúwo tó nǹkan bí oòrùn 10.

Ìbéèrè: Ṣé wọn kì í ṣì í?

Ìdáhùn: Wọ́n ń ṣì í dáadáa! Lọ́dún 2020, wọ́n ní ihò dúdú wà láàárín àwọn ìràwọ̀ kan tó wà pa pọ̀, tí wọ́n ń pè ní HR 6819. Ìràwọ̀ méjì ni wọ́n rí níbẹ̀. Wọ́n ní ihò náà ló ń fa ọ̀kan, pé èkejì kàn wà lọ́nà jíjìn ni. Nígbà tó di 2022, àyẹ̀wò tuntun fi hàn pé èkejì yìí ti gba èyí tó pọ̀ jù nínú ara ọ̀kan yẹn, ìyẹn ni kò fi wúwo tó bí wọ́n ṣe rò. Kò sí ihò kankan níbẹ̀. Ìràwọ̀ tí wọ́n ní ó jìnnà, tí wọ́n sì ti ń rí látilẹ̀, òun gan-an ló ń fà á.