Ìsọ̀ Tó Ń Bá Yín Wọlé

Bí oníṣòwò bá wá bá mi pé òun kò ráyè gbọ́ tàwọn ọmọ òun mọ́, ohun tí mo kọ́kọ́ máa ń bi í ni pé: "Tí ẹ ò bá sí ní ṣọ́ọ̀bù, ta ló mọ iye tí wọ́n ń ta ọjà?" Ọ̀pọ̀ wọn á rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní, "Èmi nìkan náà ni o." Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà.

Ìwé òwò ni mo máa ń bá àwọn èèyàn tún ṣe n'Ìbàdàn: télọ̀, aláṣọ, àwọn tó ń ta ẹ̀yà mọ́tò. Èrò wọn ni pé wákàtí tí wọ́n fi ń ṣiṣẹ́ ló pọ̀ jù. Ó lè pọ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n mo mọ àwọn tó ń ti ìsọ̀ láago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, tí àwọn ọmọ wọn kò sì rí wọn bá ṣeré. Inú orí wọn ni ìsọ̀ wà. Iye ọjà, orúkọ ẹni tó jẹ gbèsè, gígùn apá oníbàárà, kò sí èyí tó wà lórí ìwé. Ẹ̀yin ti ilẹ̀kùn, ìsọ̀ tẹ̀ lé yín wọlé.

Ẹ wo bó ṣe máa ń rí lálẹ́. Ọmọ ọdún mẹ́fà gbé iṣẹ́ àṣetiléwá rẹ̀ wá: "Mọ́mì, ẹ wò ó." Fóònù dún. Ẹnì kan ń béèrè lórí WhatsApp pé èló ni lééṣì aláwọ̀ ojú ọ̀run yẹn. Mọ́mì dá a lóhùn. Ẹni yẹn ná an wálẹ̀. Mọ́mì tún dáhùn. Ọmọ iṣẹ́ pè, oníbàárà kan wà níwájú òun tó fẹ́ gba àwìn, ṣé kí òun fún un? Kí Mọ́mì tó gbójú sókè, ọmọ ti pa ìwé dé, ó ti wà nídìí kàtúùnù. Kò sẹ́ni tó sunkún, kò sẹ́ni tó jágbe, nítorí náà kò sẹ́ni tó kà á sí ohun tó ṣẹlẹ̀.

Ẹni tó ń gba owó oṣù ṣì ní òfin tó ń jà fún un. Òfin iṣẹ́ Nàìjíríà fún obìnrin tó bímọ ní ìsinmi ọ̀sẹ̀ 12. Ìyá tó ni ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ kò ní ọ̀gá tí yóò tọrọ àyè lọ́wọ́ rẹ̀, àfi kó ṣòfin fún ara rẹ̀. Àwọn ìyá wa àtijọ́ tilẹ̀ ní ọjọ́ ọjà. Ọjà ọrún-ọrún, bó bá ti tú, ó di ọjọ́ mìíràn. N kò sọ pé wọ́n ń sinmi o, oko ń bẹ, ẹ̀kọ ń bẹ lórí iná. Àmọ́ kò sí oníbàárà tó ń béèrè iye ẹ̀pà lọ́wọ́ wọn lóru.

Ibi tí màá ti ní kí ẹ bẹ̀rẹ̀ ni ìwé iye ọjà. Ìwé àwọn ọmọ iléèwé lásán ti tó. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ iye méjì: èyí tí a máa kọ́kọ́ pè, àti èyí tí a kò gbọdọ̀ tà sísàlẹ̀ rẹ̀. Ká ní ẹ ń pe lééṣì kan ní 45,000 náírà, tí ẹ kò sì lè tà á kéré sí 38,000. Bí oníbàárà bá ná an dé 40,000, ọmọ iṣẹ́ ti mọ̀ pé òun lè gbà, kò nídìí tó fi máa pè yín. Bó bá dúró lé 35,000, ó mọ̀ pé kí òun kí i pé ó dàbọ̀. Iye tí ẹ rà á lè wà nínú ìwé tiyín nílé, ìyẹn kò kan ọmọ iṣẹ́. Bákan náà ni àwìn: ẹ kọ orúkọ àwọn tó lè gbà á àti ibi tí kò gbọdọ̀ kọjá. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò bá sí níbẹ̀ kò rí àwìn gbà, ì báà jẹ́ ẹ̀gbọ́n ọkọ yín. (Mo mọ̀ pé èyí lágbára. Ẹ fi ẹjọ́ náà lé mi lọ́rùn.) Ti télọ̀ ni kí ìwé ìwọ̀n má kúrò ní ṣọ́ọ̀bù, kí àwòrán sítáì sì wà pẹ̀lú orúkọ oníbàárà.

Èsì tí mo máa ń gbọ́ ni pé, "Wọ́n á jí mi lówó." Ó ṣeé ṣe. Ṣùgbọ́n níbi tí kò ti sí àkọsílẹ̀, wọ́n lè ti máa jí i kí ẹ má mọ̀. Tí ìwé bá wà, ẹ ó ka ọjà tó kù, ẹ ó fi wé owó tó wọlé, àìtó á hàn.

Ẹ jẹ́ kí fóònù òwò yàtọ̀ sí tilé. WhatsApp Business ní ibi tí ẹ ti lè kọ èsì tí yóò máa dá oníbàárà lóhùn nígbà tí ẹ bá ti ti ìsọ̀: "A ó fèsì láago mẹ́jọ àárọ̀." Ó tán.

Ti oorun ọmọ ni ọ̀pọ̀ òbí kì í ṣírò. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ lọ́dún 2019 pé ọmọ ọdún 3 sí 4 nílò oorun wákàtí 10 sí 13 lójúmọ́, ti ọ̀sán wà nínú rẹ̀. Ọmọ tí wọ́n ń jí láago mẹ́fà nítorí iléèwé yẹ kó ti sùn ní nǹkan bí aago mẹ́jọ alẹ́. Ẹni tó bá ti ìsọ̀ láago méje ní Gbági Tuntun, tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Ìwó Road sì dá a dúró, ojú oorun ni yóò bá ọmọ. Irú wọn ni mo máa ń sọ fún pé kí wọ́n yé ṣèlérí ìrọ̀lẹ́. Àárọ̀ ni kí wọ́n mú: kí wọ́n fi ọmọ iṣẹ́ ṣí ìsọ̀, kí wọ́n fúnra wọn wẹ ọmọ, kí wọ́n jọ jẹ mọ́ínmọ́ín, kí wọ́n sìn ín dé iléèwé. Ẹ̀yin bàbá, mo ń gbọ́ tí ẹ ń sọ pé ìyá wọn wà nílé. Ìyá wọn náà ní ṣọ́ọ̀bù.

Àwọn mìíràn ń mú ọmọ wá sí ìsọ̀, wọ́n á ti fóònù bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Àjọ kan náà ní fún ọmọ ọdún 2 sí 4, kó má kọjá wákàtí 1 lójúmọ́ nídìí nǹkan bẹ́ẹ̀. Bó bá wà lọ́dọ̀ yín, ẹ jẹ́ kó bá yín ka bọ́tìnnì, kó ṣa àjákù aṣọ, kó máa bi yín ní ìbéèrè.

Oṣù Kejìlá àti àkókò Iléyá yóò bẹ̀ yín wò, pàápàá ẹ̀yin tẹ́ ń rán aṣọ ẹbí. Ẹ ṣírò iye aṣọ tí ọwọ́ yín ká, kí ẹ dẹ́kun gbígba owó àsansílẹ̀ nígbà tó bá pé, kí ẹ sì sọ fún ọmọ pé ọjọ́ báyìí ni iṣẹ́ máa rọlẹ̀. Ọjọ́ náà gbọ́dọ̀ jẹ́ òótọ́ o, ọmọ ń kà á.

Ṣé àwọn oníbàárà kan ò ní lọ síbòmíràn? Wọ́n á lọ. Ẹ kọ orúkọ gbogbo ẹni tó bá pè lẹ́yìn àkókò ìtìsọ̀ sílẹ̀ fún oṣù kan, kí ẹ wo iye wọn tó padà sanwó. Bí wọ́n bá pọ̀ lóòótọ́, ẹ wá ẹni tí yóò máa gbé fóònù náà lálẹ́, kí ẹ sì kọ owó tí ẹ ń san fún un mọ́ ìnáwó ṣọ́ọ̀bù.