Ìpè Joseph Ayọ̀ Babalọlá

Joseph Ayọ̀délé Babalọlá (25 oṣù Kẹrin 1904 – 26 oṣù Keje 1959) jẹ́ ajíhìnrere ọmọ Yorùbá tí àwọn ọmọ ìjọ Christ Apostolic Church (CAC) àti ọ̀pọ̀ ìjọ Aládùúrà mìíràn ń pè ní Àpọ́sítélì. Katakata tí ń tẹ ojú ọ̀nà ni ó ń wà fún ìjọba amúnisìn Gẹ̀ẹ́sì kí ó tó fiṣẹ́ sílẹ̀ lójijì ní 1928, tí ó ní Ọlọ́run pe òun láti wàásù. Wòlíì tó gbọ́ ohùn kò ṣọ̀wọ́n nílẹ̀ Yorùbá nígbà náà. Ohun tó ṣọ̀wọ́n ni ẹni tó gbọ́ ohùn tí kò fi dá ìjọ ti ara rẹ̀ sílẹ̀. Abẹ́ àwọn ẹlòmíràn ni Babalọlá ti ṣiṣẹ́ títí tó fi kú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ni èrò ń wọ́ tẹ̀lé.

Ìdílé àti iṣẹ́ rẹ̀

Odò-Ọwá ni ìlú rẹ̀, ní ìjọba ìbílẹ̀ Òkè-Ẹ̀rọ̀ ní ìpínlẹ̀ Kwara òde òní, láàárín àwọn tí ń sọ ẹ̀ka èdè Èkìtì. Bàbá rẹ̀, David Rótìmí, ni Bàbá Ìjọ nínú ìjọ Áńgílíkà ìlú náà. Martha ni orúkọ ìyá rẹ̀. Ní 1914 ó bẹ̀rẹ̀ ilé ẹ̀kọ́ ní Òtò-Àwórì, lójú ọ̀nà Badagry, ó sì padà kàwé dé Standard Four ní ilé ẹ̀kọ́ All Saints' ní Òṣogbo. Ibẹ̀ ló ti pa ìwé tì. Ó kọ́ṣẹ́ àgbẹ̀dẹ fún bí ọdún 2, kí PWD, ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń la títì, tó gbà á síṣẹ́.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ìpè náà ṣe wúwo tó ní láti ro ohun tí iṣẹ́ PWD jẹ́ láyé ìgbà yẹn. Ìjọba ti ń gba owó orí lọ́wọ́ gbogbo ọkùnrin tó ti tójú bọ́, owó tí àgbẹ̀ sì ń rí dá lórí iye tí àwọn oníṣòwò òyìnbó bá fẹ́ ra kòkó àti ekùrọ́. Owó oṣù kì í yẹ̀ ní tirẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí kò kàwé jìnnà, tó wá di ẹni tí ìjọba fi ẹ̀rọ lé lọ́wọ́, ti dé ibi tí ẹgbẹ́ rẹ̀ ń wò.

Àsìkò àjàkálẹ̀ àrùn

Ní 1918 ni àrùn lukúlukú jà káàkiri ilẹ̀ Yorùbá, tí ìjọba ti àwọn ilé ìjọsìn pa. Ní Ìjẹ̀bú-Òde, àwọn ọmọ ìjọ Áńgílíkà kan ń kóra jọ gbàdúrà, wọ́n sì di Ẹgbẹ́ Òkúta Iyebíye lábẹ́ J. B. Ṣadáre, ẹni tí a tún mọ̀ sí Èsinsìnadé. Wọ́n gbà pé àdúrà nìkan tó láti wo àìsàn, wọn kò sì lo oògùn kankan, ìbáà ṣe ti ìbílẹ̀ tàbí ti òyìnbó. Wọ́n kúrò nínú ìjọ Áńgílíkà, wọ́n sì di ẹ̀ka Faith Tabernacle, ìjọ kan tí olú rẹ̀ wà ní Philadelphia ní Amẹ́ríkà. Ìwé ìròyìn àti lẹ́tà nìkan ló so wọ́n pọ̀. Àlùfáà Amẹ́ríkà kan kò wá bá wọn. Láàárín ọdún 1920 sí 1930, àjàkálẹ̀ àrùn tí eku ń kó ràn dé Èkó, Mósè Orímọládé àti Abíọ́dún Akínṣọ̀wọ́n sì dá ẹgbẹ́ Séráfù sílẹ̀ ní 1925. Àwọn èèyàn ti ń retí kí Ọlọ́run fọhùn.

Oṣù Kẹwàá 1928

Ohun tí a mọ̀ nípa ìpè náà ti ẹnu Babalọlá fúnra rẹ̀ àti ti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ wá, nítorí náà ìtàn ìjọ ni, kì í ṣe àkọsílẹ̀ ẹlòmíràn tó wà níbẹ̀. Wọ́n ní láti ìparí oṣù Kẹsàn-án ni oorun ti ń dá lójú rẹ̀ lóru, tó ń ka Sáàmù tó sì ń gbàdúrà dípò oorun. Nígbà tó di oṣù Kẹwàá, lójú iṣẹ́ ní Ìkejì-Aràkejì, ní ọ̀nà Àkúrẹ́ sí Iléṣà, ẹ̀rọ rẹ̀ dákẹ́. Kò rí ohun tó bà jẹ́ nínú rẹ̀. Bó ti ń tún un ṣe ló gbọ́ ohùn tó pe orúkọ rẹ̀, Jósẹ́fù, nígbà mẹ́ta, tó sì ní kó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ kó lọ wàásù. Ọjọ́ 11 oṣù Kẹwàá ni ọ̀pọ̀ ìtàn ìjọ fi sí.

Ẹni tó mọ Bíbélì yóò rántí Sámúẹ́lì ọmọdé, tí a pè nínú tẹ́ńpìlì tó rò pé Élì ni. Ṣùgbọ́n Ámósì ló jọ ọ́ jù lójú ẹni tó kọ èyí: darandaran tó ní òun kì í ṣe wòlíì, òun kì í sì í ṣe ọmọ wòlíì, lẹ́yìn agbo ẹran ni Olúwa ti mú òun. Babalọlá kò ti ilé ẹ̀kọ́ àwọn àlùfáà jáde. Kò sì sí nínú ẹgbẹ́ àdúrà kankan nígbà náà. Ọmọ ìjọ Áńgílíkà lásán ni.

Kò kúkú yára jẹ́ ìpè ọ̀hún. Ìtàn náà kò fi èyí pa mọ́: ó bẹ̀rù àtipàdánù iṣẹ́ rẹ̀, ó sì béèrè fún ìdánilójú. Nígbà tó fẹ́ kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀, òyìnbó tó jẹ́ ọ̀gá wọn rọ̀ ọ́ kí ó má ṣe bẹ́ẹ̀. Ó fi í sílẹ̀ síbẹ̀. Ó gba ààwẹ̀ ọjọ́ 7, ó sì ní nínú rẹ̀ ni a ti fún òun ní àdúrà kan, agogo ọwọ́, àti ìlérí pé omi tí òun bá gbàdúrà sí yóò di omi ìyè.

Eérú àti màrìwò

Àṣẹ tó tẹ̀lé e le ju ìwé ìfiṣẹ́sílẹ̀ lọ. A ní kó padà sílé, sí Odò-Ọwá, ní ọjọ́ ọjà, pẹ̀lú eérú lára àti màrìwò ọ̀pẹ káàkiri ara, kó máa lu agogo kó sì máa kéde ìdájọ́ fún ìlú tí kò bá yí padà. Ọmọ Bàbá Ìjọ, òṣìṣẹ́ ìjọba, ni ó wọ ọjà báyìí. Wèrè ni àwọn èèyàn pè é. Wọ́n fẹ̀sùn kàn án, wọ́n mú un dé ọ̀dọ̀ Ajẹ́lẹ̀ ní Ìlọrin, ṣùgbọ́n ìyẹn dá a sílẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni ilẹ̀ gbígbóná jà ní ìlú náà. Àwọn tó gbọ́ ìwàásù rẹ̀ so ó pọ̀ mọ́ ohun tó ti sọ, wọ́n sì gbé àwọn aláìsàn wá bá a. Ìjọ sọ pé ọ̀pọ̀ rí ìwòsàn. Báwọn èrò ti ń pọ̀ ni wàhálà ń pọ̀, torí ìran rírí àti ààwẹ̀ gígùn kò bá ìlànà Áńgílíkà mu, bíṣọ́ọ̀bù tó ń ṣàkóso agbègbè náà sì pàṣẹ pé kí wọ́n yọ ọ́ nínú ìjọ. Ìjọ tí bàbá rẹ̀ jẹ́ Bàbá Ìjọ fún ni wọ́n ti lé e.

Wòlíì mìíràn ì bá ti kọ́ ilé ìjọsìn ti ara rẹ̀ níbẹ̀. Nígbà tí Faith Tabernacle ní Èkó gbúròó rẹ̀ tí wọ́n sì ránṣẹ́ pè é, Babalọlá lọ. Ní oṣù Kejìlá 1929, Èsinsìnadé rì í bọmi nínú ọ̀sà Èkó. Ẹni tó ní Ọlọ́run bá òun sọ̀rọ̀ lójúkojú fi orí sábẹ́ ọwọ́ àlùfáà ìjọ kan tí òye wọn nípa wòlíì kò tilẹ̀ bára mu: ìwé tó ń wá láti Philadelphia kò fara mọ́ ìran àti ahọ́n àjèjì. Ó padà sí Odò-Ọwá, ó sì dá ẹ̀ka Faith Tabernacle sílẹ̀ níbẹ̀.

Ìsọjí Òkè-Ooyè

Ní oṣù Keje 1930, àwọn aṣáájú Faith Tabernacle pàdé ní Iléṣà láti yanjú àwọn ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́, lára rẹ̀ bóyá kí wọ́n ri àwọn olóbìnrin púpọ̀ bọmi. Àríyànjiyàn náà kò parí. Ìròyìn kàn wọ́n lára pé Babalọlá ti gbàdúrà fún ọmọ kan tó kú, ọmọ náà sì jí. Èrò bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ lọ sí Òkè-Ooyè, ní Iléṣà, láti Èkìtì, Ìjẹ̀bú, Ìbàdàn àti ibi tó jìnnà jù bẹ́ẹ̀, wọ́n gbé ìkòkò àti agbè omi dání kó lè gbàdúrà sí i. Wọ́n kó ère àti oògùn wọn wá, wọ́n sì dáná sun wọ́n.

Àwọn òpìtàn gbà pé ìsọjí náà tóbi gan-an, wọ́n sì ka ọ̀wọ́n owó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lágbàáyé mọ́ ohun tó mú àwọn èèyàn sáré tọ̀ ọ́. Ti ìwòsàn yàtọ̀. Ẹ̀rí ọmọ ìjọ ni èyí tó pọ̀ jù, kò sì sí dókítà tó yẹ̀ ẹ́ wò. Ìjọba fúnra rẹ̀ ń fi ojú ìfura wo ìpéjọ náà, nítorí wọ́n bẹ̀rù àrùn àti ìdàrúdàpọ̀, àwọn ìjọ tó ti wà nílẹ̀ sì ń rí àwọn ọmọ wọn tí ń lọ.

Láti Iléṣà, Babalọlá kọjá sí Èkìtì. Ẹ̀fọ̀n-Aláayè ló ṣe pàtàkì jù níbẹ̀: Ọba Agunsóyè, Aláayè, gbà á, ó sì gba ìrìbọmi. Ìtàn ìlú náà sọ pé igbó tí gbogbo èèyàn bẹ̀rù ni wọ́n kọ́kọ́ fi fún un, tó sì ti gbàdúrà níbẹ̀ láìsí ohun tó ṣe é.

Ẹ̀wọ̀n Benin

Ní 1932, nígbà tó ń wàásù ní Otuo, ní ìpínlẹ̀ Edo òde òní, wọ́n fẹ̀sùn kàn án lórí ọ̀rọ̀ àjẹ́. Ilé ẹjọ́ fi í sẹ́wọ̀n oṣù 6 ní Benin. Òfin ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dá ẹni tó bá pe ẹlòmíràn ní àjẹ́ lẹ́bi, ìwàásù ìsọjí ayé ìgbà náà sì kún fún ìjẹ́wọ́ àjẹ́. Ó ṣe ẹ̀wọ̀n náà tán, ó sì padà sẹ́nu iṣẹ́.

Ẹni tí kò di olórí

Inúnibíni tí ìsọjí náà fà mú kí àwọn aṣáájú Faith Tabernacle nílẹ̀ Yorùbá wá alábòójútó láti òkè òkun. Àwọn míṣọ́nnárì The Apostolic Church wá láti Gẹ̀ẹ́sì ní 1931, wọ́n sì jọ ṣiṣẹ́ fún bí ọdún mélòó kan. Kíníìnì ló kọ́kọ́ dá ìjà sílẹ̀: àwọn ọmọ ìbílẹ̀ rí i pé àwọn òyìnbó tó ń wàásù ìwòsàn láìlo oògùn ń lò ó láti dènà ibà. Ọ̀rọ̀ ta ni yóò ṣàkóso ìjọ ló fẹ́rẹ̀ẹ́ lágbára jù ú lọ. Wọ́n pín yà láàárín 1939 sí 1941, apá tó tẹ̀lé ìlànà àìlo-oògùn sì forúkọ sílẹ̀ lábẹ́ òfin ní 1943 gẹ́gẹ́ bí Christ Apostolic Church.

Isaac Babalọlá Akínyẹlé, ọmọ Ìbàdàn tó padà jẹ Olúbàdàn ní 1955, ni Ààrẹ. David Odùbánjọ ni Alábòójútó Àgbà. Ajíhìnrere Àgbà ni Babalọlá. Ẹni tí ìjọ náà ti ipasẹ̀ rẹ̀ gbilẹ̀ gba ipò tí kò ní ìwé kíkọ àti owó ìjọ nínú, tó jẹ́ ìrìn àjò, ààwẹ̀ àti ìwàásù. Ó ti dé Gold Coast, Ghana òde òní, ní 1936, ó sì ń rin káàkiri títí di ọdún tó kú. Àwọn kan lè sọ pé ìwé tí kò kà jìnnà ni kò jẹ́ kó wá ipò olórí. Ìyẹn kò mọ́gbọ́n dání tó, torí Orímọládé kò kàwé rárá, òun ló sì jẹ́ olórí Séráfù.

Ó kú ní Ẹdẹ ní 26 oṣù Keje 1959, wọ́n sì sin ín sí Ẹ̀fọ̀n-Aláayè, níbi tí àwọn ọmọ ìjọ ṣì ń lọ gbàdúrà. Ìkejì-Aràkejì, ibi tí ẹ̀rọ rẹ̀ ti dákẹ́, wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Oríadé ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. CAC ní ibùdó àdúrà níbẹ̀, Yunifásítì Joseph Ayọ̀ Babalọlá tí ìjọ náà dá sílẹ̀ sì ṣí ní 2006. Láti nǹkan bí 1990 ni ìjà lórí àkóso ti pín CAC sí méjì fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìhà kọ̀ọ̀kan sì ń pe ara rẹ̀ ní ajogún Babalọlá.