Ògbufọ̀ gbọ́dọ̀ gbọ́ ọ̀rọ̀ kó tó túmọ̀ ẹ̀: bí afárá WhatsApp sí Matrix ṣe ń ṣiṣẹ́ gan-an

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ́ sórí Matrix, wọ́n á ní ṣebí WhatsApp ń ti mẹ́séèjì pa (ìyẹn encryption, kó jẹ́ pé ẹni tó fi ránṣẹ́ àti ẹni tó ń gbà á nìkan ló lè kà á), Matrix náà ń tì í pa, torí náà téèyàn bá fi afárá, ìyẹn ètò tó ń gbé mẹ́séèjì láti ibì kan bọ́ sí ibòmíì, so méjèèjì pọ̀, kò sẹ́ni tó lè rí nǹkan kan láàárín. Rárá o, kò rí bẹ́ẹ̀. Ó ń ká mi lára torí èmi náà gbà á gbọ́ fún ọ̀pọ̀ oṣù, ọ̀rọ̀ ẹbí mi ló sì wà ńbẹ̀.

Fẹ́ni tí kò bá mọ̀ ọ́n, Matrix kì í ṣe áàpù, ìlànà tí oríṣiríṣi áàpù fi ń bá ara wọn ṣáàtì ni, ó ti wà láti 2014. Ẹnikẹ́ni ló lè gbé sáfà (kọ̀ǹpútà tó ń gba mẹ́séèjì tó sì ń pín in) tiẹ̀ kalẹ̀, àwọn sáfà yẹn á sì máa bá ara wọn sọ̀rọ̀, bí ẹni tó ń lo Glo ṣe ń pe ẹni tó ń lo MTN láì ra síìmù míì. Áàpù Element lọ̀pọ̀ fi ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ rántí BBM tí gbogbo wa ń tọrọ PIN ara wa lórí ẹ̀: ilé-iṣẹ́ kan ló ni kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn, nígbà tí wọ́n sì tì í ní 31 May 2019, gbogbo wa la jọ bọ́ síta.

Ṣùgbọ́n WhatsApp làwọn èèyàn wa wà, ta ló fẹ́ kó ìyá ẹ̀ àti gbogbo àbúrò bàbá ẹ̀ wá sórí Element? Ibẹ̀ ni afárá ti wúlò. Èyí tí wọ́n ń lò jù ni mautrix-whatsapp, ẹ máa bá bọ́ọ̀tì ẹ̀ (ètò tó ń dáni lóhùn fúnra ẹ̀) ṣáàtì, ẹ ó kọ "login qr" sí i, á gbé àwòrán QR wá, ẹ ó sì fi fóònù yín ya á níbi Linked devices bí ìgbà tẹ́ ẹ ń ṣí WhatsApp Web. Kó tó pẹ́, gúrúùpù ẹbí, ti ọjà, ti ṣọ́ọ̀ṣì, gbogbo ẹ̀ á máa wọlé níkọ̀ọ̀kan. Ó dùn ún wò, mi ò ní purọ́.

Ẹ wá wo ohun tẹ́ ẹ ṣe yẹn dáadáa. Lójú WhatsApp, afárá ti di fóònù yín kejì, kọ́kọ́rọ́ tó ń ṣí mẹ́séèjì ti wà lọ́wọ́ ẹ̀. Ṣẹ́ ẹ mọ ògbufọ̀ tó máa ń dúró ti oníwàásù tó ń sọ òyìnbó, kò sí bó ṣe fẹ́ túmọ̀ ohun tí kò gbọ́. Afárá gbọ́dọ̀ ṣí ohun tó ti WhatsApp wá, kó tó tún un dì bí Matrix ṣe fẹ́ ẹ. Ìtìpa méjì wà lóòótọ́, àmọ́ ọ̀kan parí níbi afárá, èkejì bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀, ẹni tó ni kọ̀ǹpútà tí afárá jókòó sí ló wà láàárín. Mi ò sọ pé ó ń ka ọ̀rọ̀ yín o. Ó lè kà á ni, ẹni tó bá sì já wọ sáfà ẹ̀ náà lè kà á.

Sáfà ọ̀rẹ́ ọ̀rẹ́ mi kan ni mo kọ́kọ́ lò. Nígbà tó yá mo gbé tèmi kalẹ̀, lọ́jọ́ kan àwòrán ò wọlé, mo bá ṣí database Synapse, ìyẹn ètò tí sáfà Matrix mi ń lò, kí n wo ohun tó fà á, bí mo ṣe rí ọ̀rọ̀ àǹtí mi nìyẹn, gbalaja, nínú table tó ń jẹ́ event_json: "Ṣẹ́ ẹ ti fowó oògùn Màámi ránṣẹ́?" Àmì ìbéèrè ẹ̀ gan-an wà níbẹ̀. Àyà mi já. Mautrix kì í dédé ti apá Matrix pa, èèyàn ló máa wọnú config, ìyẹn fáìlì tí wọ́n ti ń to afárá, lọ sọ fún un, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ọ̀rọ̀ á sùn sórí sáfà láìbora. Tẹ́ ẹ bá tiẹ̀ tì í, afárá ṣì ń gbọ́, database nìkan ni kò ní máa tò ó sílẹ̀ ní gbangba mọ́.

Ti IRC, ìlànà ṣáàtì àtijọ́ kan táwọn èèyàn tún máa ń so mọ́ Matrix, tún yàtọ̀. Láti 1988 tí Jarkko Oikarinen ti ṣe é ní Finland, irú ìtìpa yìí ò sí nínú ẹ̀, torí náà yàrá tẹ́ ẹ bá so mọ́ ọn, ẹ kà á sí ojú ọjà. Afárá sì lè wó nígbàkigbà: èyí tí Matrix.org ní, tó lọ sí Libera.Chat, ọ̀kan lára àwọn nẹ́tíwọ́ọ̀kì IRC, dúró ní August 2023, kò sì padà wá. WhatsApp náà ò fọwọ́ sí áàpù tí kì í ṣe tiwọn, wọ́n lè ti nọ́ńbà yín.

Mi ò ní kẹ́ ẹ má lò ó, èmi ṣì ń lò ó lójoojúmọ́. Ẹ kàn béèrè pé orí kọ̀ǹpútà ta ni afárá yìí wà. Tèmi, kọ̀ǹpútà kékeré kan tó ń jẹ́ Raspberry Pi ni, ẹ̀gbẹ́ tẹlifíṣọ̀n ló wà. Tí iná bá lọ, mẹ́séèjì á dúró dè é, àmọ́ ẹ má jẹ́ kí fóònù yín gan-an kọjá ọjọ́ 14 láì wọ WhatsApp, torí WhatsApp á já afárá náà kúrò.

Mo sì kọ gbogbo ohun tí mo rí yìí sí gúrúùpù ẹbí, torí kò sẹ́ni tó ní kí n máa gbé ọ̀rọ̀ òun gba ibòmíì. Àǹtí mi ló kọ́kọ́ fèsì, ó ní ṣé èyí tóun sọ nípa Màámi náà wà níbẹ̀, mo ní bẹ́ẹ̀ ni mà, ó ní kí n pa á rẹ́. Alẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo pa á rẹ́.